Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa: ẹ gba omi inú kọ̀ńtéínà yẹn, ẹ dá iná rẹ̀ padà fún wọn

Sí Ọlọ́lá Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Èkó, àti ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ gbogbo,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, sà. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ tààrà sí ohun tó gbé mi dé, nítorí ọjọ́ tí ẹ dá fún wa ti ń lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá lẹ ìwé mọ́ ara igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko ẹ̀fọ́ wa létí kánáàlì. Ìwé náà ní ká palẹ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀ láàárín ọjọ́ 21, pé katapílà ń bọ̀. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ti bá ilé iṣẹ́ kan láti òkè òkun ṣàdéhùn pé kí wọ́n kó kọ̀ńtéínà wá síbẹ̀, kí wọ́n máa gbin ewé nínú rẹ̀ lábẹ́ iná, láìsí iyẹ̀pẹ̀, láìsí oòrùn. Kò pẹ́ tí àwòrán yín fi gba orí fóònù gbogbo wa kan. Ẹ dúró ti pátákó ńlá kan tí wọ́n ya létúùsì sí lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé oko ìgbàlódé ti wọ àdúgbò wa.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tó ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Kí n tó dé etí kánáàlì, mo ti ṣiṣẹ́ nínú irú kọ̀ńtéínà bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi ni mò ń po oúnjẹ ewéko, èmi náà ni mò ń yẹ omi wò láràárọ̀. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ ló ń bà wá lẹ́rù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ńtéínà yẹn, omi ibẹ̀ lèrè, iná ibẹ̀ ni gbèsè. Ẹ̀yin sì ti fẹ́ ra gbèsè náà, kí ẹ fi èrè sílẹ̀, kí ẹ tún fi ilẹ̀ wa ṣe ẹ̀ní lé e.

1. Ìwé yín pe ibẹ̀ ní “ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò”.

Sà, risíìtì owó ilẹ̀ tí akápò yín ń já fún wa lọ́dọọdún wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú òǹtẹ̀ yín lára. Ta ni ẹ wá ń gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Tí ẹ bá ya ibẹ̀ ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó bá àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ń wá ewé tí kòkòrò kò jẹ. Wọ́n á fa tẹ̀tẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n á rì í bọ omi kí iyẹ̀pẹ̀ lè bọ́, wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n á fi aṣọ tútù bò ó lórí ọ̀kadà. Kí àwọn ọmọ iléèwé tó jáde nílé, ẹ̀fọ́ náà ti wà lórí àtẹ.

Ewé kì í ṣe ohun tó lè rìn jìnnà. Tòmátò lè ti Kánò tàbí Kàdúná wá sí ọjà Mile 12 nínú apẹ̀rẹ̀, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹrà lójú títì, kí ìyókù sì ṣe é tà. Ẹ rántí ọdún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta wọ oko tòmátò ní Kàdúná, tí ìjọba ibẹ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, tí àwa ní Èkó níbí wá ń ra tòmátò bí ẹni ń ra wúrà. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò lè fara da irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rárá, wọn á ti rọ kí wọ́n tó dé Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ fi gbọ́dọ̀ hù nítòsí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn fẹ́ wá tà fún yín, pé kí ìlú máa gbin ewé tó ń jẹ láàárín ara rẹ̀, là ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

2. Nítorí àwọn ará ìlú tó ń bá wa kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. N kò ní fi àbòsí kún un.

Wọ́n á to pẹpẹ lé pẹpẹ títí dé òrùlé. Wọ́n á gbin irúgbìn sínú fóòmù kékeré, wọ́n á sì gbé e sórí gọ́tà oníke tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Gbòǹgbò á wà nínú gọ́tà yẹn, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa ṣàn kọjá lára rẹ̀, á padà sínú táǹkì, pọ́ǹpù á tún gbé e sókè. Oúnjẹ tí ewé ń rí nínú iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n pò sínú omi náà: naitirójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, potásíọ̀mù, kálísíọ̀mù, irin àti àwọn yòókù. Táǹkì méjì ló máa ń wà fún àpòpọ̀ tó ki, A àti B. Tí ènìyàn bá da calcium nitrate pọ̀ mọ́ magnesium sulphate, méjì lára oúnjẹ náà, nígbà tí wọ́n ṣì ki, omi náà á dì, ìyẹ̀fun funfun á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, á sì dí gbogbo ẹnu páìpù. Láràárọ̀ la ń ti ẹ̀rọ bọ inú omi láti mọ bí ó ṣe kan tó, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní pH, bóyá ó wà láàárín 5.5 sí 6.5. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, oúnjẹ á wà nínú omi, ewé kò sì ní rí i jẹ.

Lókè pẹpẹ kọ̀ọ̀kan ni gílóòbù LED wà, tó ń tàn fún nǹkan bí wákàtí 16 lójúmọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, fáànù ń fẹ́. Kòkòrò kò ráyè wọlé, nítorí náà wọn kì í fín oògùn. Omi tó ń yí po sì dín púpọ̀ sí èyí tí oko orí ilẹ̀ ń mu. Àwọn ilé iṣẹ́ náà a máa ní àwọn fi omi pamọ́ tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún. N kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, mo ti rí i pé omi kékeré ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀gbẹ́ni Dickson Despommier, tó ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Columbia ní New York, ló gbé èrò yìí kiri títí tí gbogbo ayé fi gbọ́. Ní 1999, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣírò ohun tí orí òrùlé Manhattan lè pèsè, wọ́n rí i pé kò lè bọ́ ju bí ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó wá ní kí wọ́n kó oko wọ inú ilé, kí wọ́n tò ó lé ara wọn. Ohun tó jẹ́ kí èrò náà ṣeé ṣe ni iná LED, pàápàá aláwọ̀ búlúù, tí àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí sí Japan, tó ṣe é, gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2014. Ọpọlọ ńlá ló wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìlú olótùútù, tí yìnyín máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún, ni wọ́n jókòó sí ro èrò náà.

3. Ọ̀rọ̀ iná gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi jókòó tì.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé ní 2021, láàárín àwọn tó ń gbin nǹkan nínú ilé, fi hàn pé kí oko tó wà lábẹ́ gílóòbù tó lè mú kílò ewé kan jáde, iná tó ń jẹ jẹ́ yúnìtì 38.8 tí a bá pín in dọ́gba. Ilé onígíláàsì tí oòrùn ń wọ̀ ń jẹ 5.4. Yúnìtì yìí kan náà ni èyí tí à ń rà sínú mítà wa. Ní oṣù April 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225. Nígbà tó fi di July, ó dúró sí 209 náírà àti 50 kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká lo ti July yẹn. Ẹ fi 209.50 lu 38.8. Ó ju 8,100 náírà lọ lórí kílò kan ṣoṣo, iná nìkan nìyẹn. A kò tíì ka owó kọ̀ńtéínà, owó oúnjẹ ewé tó ń fi dọ́là wọlé, owó oṣù òṣìṣẹ́.

Ká ní ilé iṣẹ́ yín mọṣẹ́ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, tó jẹ́ yúnìtì mẹ́wàá péré ló ń jẹ lórí kílò kan. 2,095 náírà nìyẹn ṣì jẹ́. Kí ẹ pe ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ṣoṣo ní ọjà wa, kí ẹ bi í léèrè bóyá ó lè gbé ẹ̀fọ́ tó ti jẹ gbèsè bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò lóko.

Àwọn tó wà ní Band A ni wọ́n sì ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, sà, ẹ mọ ibi tí wọ́n fi wá sí. Gbogbo wa la rí i ní 2024 bí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe ń wọ òkùnkùn léraléra nígbà tí ẹ̀rọ iná àpapọ̀ ń dákú. Jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ta ni yóò máa ra dísẹ̀lì?

Mo fẹ́ sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ, torí pé àwọn tó ń ta ọjà fún yín kò ní sọ ọ́. Nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti dìde. Nígbà tí a fi máa débẹ̀ láàárọ̀, inú kọ̀ńtéínà ti móoru débi pé ooru bo dígí ojú mi bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn. Gbòǹgbò létúùsì tó yá máa ń funfun ni. Ti ọjọ́ náà ti rọ, ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ gọ́tà, etí rẹ̀ ti ń pọ́n. Ewé sorí kọ́ láti pẹpẹ ìsàlẹ̀ dé tòkè. A bomi padà, àwọn kan jí, àwọn kan kò jí mọ́, èyí tó jí pàápàá sì korò lẹ́nu, oníbàárà dá a padà. Tó bá jẹ́ oko tó wà lórí iyẹ̀pẹ̀ ni, iná ì báà lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, tẹ̀tẹ̀ kò ní mọ̀.

Ooru yẹn tún jẹ́ ìnáwó mìíràn. Díẹ̀ kín-ún nínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ni ewé ń fi ṣara, ìyókù á di ooru nínú yàrá. Omi tí ewé ń mí síta á di ọ̀rinrin. Ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ lé méjèèjì jáde, níta tó jẹ́ pé Èkó fúnra rẹ̀ ti gbóná, tó sì lọ́rinrin. Ẹ ó san owó láti tan iná, ẹ ó tún san owó láti lé ohun tí iná náà fà wọlé.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ohun tí à ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Tí a bá pín oòrùn Èkó ká gbogbo ọdún, ti òjò ti ẹ̀ẹ̀rùn, kì í dín ní nǹkan bí yúnìtì mẹ́rin lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó gùn ní mítà kan, lójúmọ́. Púlọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ sí 120, fẹ̀ tó nǹkan bí 669 irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ju yúnìtì 2,600 lọ lójúmọ́ lórí púlọ́ọ̀tì kan. Tí a bá fẹ́ fi owó Band A tí mo dárúkọ rà á, ó ju 500,000 náírà lọ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Ohun tó ń bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wa nìyẹn láìgba kọ́bọ̀. A kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ yóò ní kí wọ́n lo sólà. Ẹ ó gba oòrùn, ẹ ó sọ ọ́ di iná, ẹ ó wá tún sọ iná di oòrùn padà nínú kọ̀ńtéínà. Páńẹ́lì sólà kì í rí ju bí ìdá kan nínú márùn-ún oòrùn tó bọ́ lé e sọ di iná, gílóòbù á tún fi nǹkan ṣòfò nínú ìyẹn. Kí pẹpẹ kan tó lè rí ìmọ́lẹ̀ tí ìta ń fún un, ilẹ̀ tí páńẹ́lì yóò gbà á pọ̀ ju ti pẹpẹ náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ilẹ̀ ni ẹ ní ẹ ń fi kọ̀ńtéínà dín kù o.

4. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú.

AeroFarms ní Newark, ìpínlẹ̀ New Jersey, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, sá lọ sí kóòtù ní June 2023 kí àwọn tó jẹ ní gbèsè má bàa tú u ká. Infarm ní Berlin dá nǹkan bí 500 òṣìṣẹ́ dúró ní November 2022, ju ìdajì gbogbo wọn lọ. Owó iná tó fò sókè ní Yúróòpù wà lára ohun tó ṣe é. Bowery Farming ní New York, tí àwọn olówó fojú bù pé ó tó bílíọ̀nù 2.3 dọ́là ní 2021, ti ilẹ̀kùn pa ní November 2024. Plenty, tó gba owó tó sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, ṣí oko ńlá sí Compton ní California ní 2023. Ní March 2025, òun náà wà ní kóòtù, wọ́n ti Compton pa, wọ́n wá kó gbogbo ara sí sitirọ́bẹ́rì ní Virginia.

Gbogbo àwọn tí mo kà yìí ní iná tí kì í lọ. Wọ́n ní oníbàárà tó lè ra létúùsì ní iye tí wọ́n bá pè é. Kí ló wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ yín tí àwọn wọ̀nyí kò mọ̀?

5. Àwọn ibì kan wà tó ti bá wọn lára mu, n kò ní fi pamọ́.

Ní Dubai, wọ́n ṣí Bustanica ní July 2022 nítòsí pápákọ̀ òfurufú, tó ń pèsè ewé tó ju mílíọ̀nù kan kílò lọ́dún. Aṣálẹ̀ nibẹ̀, omi wọ́n, òkun ni wọ́n ń sọ di omi mímu, àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú Emirates sì ń jẹ saláàdì náà. Ní Japan, ilé iṣẹ́ Spread ní ilé oko kan nítòsí Kyoto tí wọ́n kọ́ láti máa mú 30,000 orí létúùsì jáde lójúmọ́. Singapore kò ní ilẹ̀ rárá, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn ti ń wá. Ní 2019 wọ́n sọ pé tó bá fi máa di 2030, àwọn á máa pèsè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tí àwọn nílò fúnra àwọn. Ní November 2025, wọ́n gbé ìlérí yẹn tì, wọ́n fi òmíràn tí yóò pé ní 2035 rọ́pò rẹ̀. Singapore, sà, tó lówó, tó sì létò! Bí iná àti owó iṣẹ́ bá lè ka àwọn yẹn láyà, ó yẹ kí àwa náà fara balẹ̀.

6. Ewé wo ni wọn yóò gbìn, ta ni yóò sì jẹ ẹ́?

Nínú pátákó yín, létúùsì ni mo rí, pẹ̀lú básílì. Kò sí ẹ̀gẹ́, kò sí iṣu, kò sí àgbàdo, kò sí ẹ̀wà, torí pé kò sí iná tó lè gbà wọ́n láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ fẹ́ kú sí gbèsè. Ewé tó rọ̀, tó tètè dàgbà, tí ó fúyẹ́, tó sì wọ́n lọ́jà nìkan ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá ní Lẹ́kì àti Victoria Island yóò rà á. Ẹ̀bá kánáàlì wa ni kọ̀ńtéínà yóò jókòó sí, ọbẹ̀ wa ni kò ní dé. Tẹ̀tẹ̀ sì wà lára ewé tí oòrùn gbígbóná gan-an ń mú ara rẹ̀ yá. Tí a bá gbé e sábẹ́ gílóòbù, ohun tó ń gbà lókè lọ́fẹ̀ẹ́ náà la ó máa rà fún un. Ṣọkọ, gbúre, ẹbọ́lọ́, amúnútutù, ewédú: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìwé wọn dárúkọ.

7. Ẹ ní omi wa dọ̀tí.

Ẹ sọ ọ́ lórí rédíò pé ẹ̀fọ́ etí kánáàlì lè kó àìsàn ranni. Ọ̀rọ̀ tó tó gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ẹ rán wá bu omi náà lọ yẹ̀ wò? Kò sẹ́ni tó wá. Àwa la kọ̀wé sí yín pé kí ẹ gbẹ́ bóhòlù kan fún wa, kí a lè fi kánáàlì sílẹ̀. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yín wà lára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi pé ẹ rí i gbà. Ẹ kò fèsì. Bóhòlù tí ẹ kò lè gbẹ́ fún ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó ti wà nínú ètò kọ̀ńtéínà báyìí, mo kà á.

Kí ẹ sì mọ̀ pé omi bóhòlù Èkó kì í tó lò lójú ẹsẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn. Irin máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ sì máa ń wọ̀ ọ́ tí ó bá sún mọ́ ọ̀sà. Lórí iyẹ̀pẹ̀, òjò á ṣan iyọ̀ lọ. Nínú omi tó ń yí po, á máa kórajọ ni títí ewé á fi jó létí. Wọ́n á ní láti fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ kí ó tó wọ táǹkì, ẹ̀rọ náà á sì máa da apá kan omi náà nù. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ka ìyẹn mọ́ 95 tí wọ́n ń pariwo.

8. Apá tó wúlò nínú ìmọ̀ yìí, àwa gan-an la fẹ́ ẹ jù.

Ìbàdàn kò jìnnà. Nǹkan bí ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ti ń gbin iṣu sínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀: gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú àpótí òkùnkùn, wọ́n ń fi omi oúnjẹ fín in, ó sì ń ta. Wọn kò fi ṣe iṣu jíjẹ o. Irúgbìn iṣu tí kò lárùn, tí àgbẹ̀ yóò lọ gbìn sórí ebè, ni wọ́n ń fi ṣe. Ibi tí owó wà nìyẹn, nítorí irúgbìn kékeré kan ń di oko ńlá.

Ọ̀nà kan tún wà tí Bernard Kratky ti yunifásítì Hawaii fi lélẹ̀, kò nílò pọ́ǹpù, kò nílò iná rárá. Wọ́n á da omi oúnjẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ìdérí, wọ́n á gbé ọ̀gbìn sínú ihò ìdérí náà. Bí ewé ṣe ń mu omi, omi á máa lọ sílẹ̀, gbòǹgbò òkè á rí afẹ́fẹ́, ti ìsàlẹ̀ á máa mu. Mo ti ń fi ṣe létúùsì lábẹ́ àwọ̀n ìbòji lẹ́yìn ilé, ó sì ń ṣe dáadáa bí mo bá fi nǹkan funfun bo bọ́kẹ́ẹ̀tì kí omi má gbóná jù. Tí ẹ bá fún wa ní tábìlì tó ga kúrò nílẹ̀, gọ́tà oníke, àwọ̀n ìbòji àti ọ̀rá tó ń gba òjò, a ó máa gbin ẹ̀fọ́ nínú oṣù June àti July, nígbà tí kánáàlì máa ń kún bo bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo sólà tó fún un. Oòrùn yóò ṣe ìyókù.

Ohun tí à ń béèrè rèé, sà:

(a) Kí ẹ dá ọjọ́ 21 yẹn dúró, kí katapílà má ṣe wọ oko títí a ó fi jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ̀fọ́ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí, owó àjọ ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ra irúgbìn àti ìgbẹ́ adìẹ sí i.

(b) Kí ẹ gbé àdéhùn náà síta kí gbogbo ìlú kà á: iye tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò san, ẹni tó ni kọ̀ńtéínà, ẹni tí yóò máa san owó iná àti dísẹ̀lì, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé.

(d) Tí ó bá dá yín lójú pé kọ̀ńtéínà náà yóò jèrè, ẹ gbé ẹyọ kan ṣoṣo sínú ọgbà sẹkitéríátì yín fún ọdún kan. Àyè ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí pọ̀. Kí wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sínú rẹ̀, kí mítà rẹ̀ wà níta níbi tí ará ìlú ti lè rí i, kí ẹ máa lẹ iye kílò tó jáde àti iye yúnìtì tó jẹ mọ́ ara ògiri lóṣooṣù. Èmi fúnra mi yóò wá po oúnjẹ ewé fún wọn láìgba owó.

(e) Kí ẹ gbẹ́ bóhòlù fún oko etí kánáàlì, kí ẹ gbé omi àti iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ ní gbangba, ì báà gbè wá, ì báà má gbè wá. Ibi tí èsì bá fi hàn pé kò dára, a ó kúrò lórí rẹ̀.

(ẹ) Kí ẹ fún wa ní ìwé ilẹ̀ tó ní iye ọdún nínú. Risíìtì ọdọọdún kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tábìlì àti àwọ̀n kalẹ̀, torí kò mọ̀ bóyá ìwé tuntun yóò tún wà lára igi máńgòrò lọ́la.

A ó wá sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ìyá bá ti ti ọjà dé. Àwa yóò mú risíìtì wa àti ẹ̀dà lẹ́tà bóhòlù wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin náà mú àdéhùn náà wá, pàápàá ojú ìwé tí wọ́n kọ ẹni tí yóò máa san owó iná sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí kánáàlì, fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.